Ogún Tí Ó Wà Lára Ewùrà

   

Inú ìkòkò ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè, tí kò mọ ìkọ́kọrẹ́. A ó bó ewùrà, a ó rin ín lára páànù tí a lu ihò sí, títí yóò fi máa fà lọ́wọ́. A ó fi ata, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ se omi ọbẹ̀, a ó sì máa fi ọwọ́ já ewùrà rírin náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní kókó-kókó. Bí ẹ bá wo ìkòkò yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ wa lókè àti lódò ló pàdé níbẹ̀: ewùrà láti oko Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ẹja àti edé láti inú ọ̀sà ní agbègbè Ogun Waterside. Bí a bá sì ní ewùrà tó kù, a ó fi dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ewùrà fúnra rẹ̀, ta ni í? Ọmọ agboolé wo ni? Ibo ló ti wá? Kí ló gbé pamọ́ sínú ara rẹ̀ tí ojú wa kò rí? Ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a jọ tú wò láàárọ̀ yìí, nítorí mo gbà pé ohun tí a kò mọ̀ dáadáa ni ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ wa láìsí ariwo.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìtàkùn. Mo kéré gan-an nígbà tí ìyá ìyá mi kọ́kọ́ mú mi lọ sí oko iṣu rẹ̀. Nígbà tí a dé àárín ebè, ó ní kí n pa ojú mi dé, ó sì fi ìtàkùn kan sí mi lọ́wọ́. Ó rí róbótó, ẹ̀gún sì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Iṣu funfun nìyẹn." Ó tún fi òmíràn sí mi lọ́wọ́. Èyí ní igun mẹ́rin, etí igun kọ̀ọ̀kan sì yọ síta pẹlẹbẹ bí lẹbẹ ẹja. Ó ní, "Ewùrà nìyí. Má gbàgbé o." Ọwọ́ mi ti mọ ewùrà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí ìyá àgbà fi hàn mí ni àwọn onímọ̀ ewéko fi sọ ewùrà lórúkọ. Orúkọ méjì ni wọ́n ń fún ewéko kọ̀ọ̀kan: orúkọ agboolé ló máa ń ṣáájú, orúkọ ọmọ a tẹ̀lé e. Agboolé iṣu ń jẹ́ Dioscorea, wọ́n fi sọ Dioscorides, oníṣègùn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ tí ó kọ ìwé lórí ewé àti egbò. Bí 600 ẹ̀yà ni ó wà nínú agboolé náà káàkiri ayé. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló sọ ewùrà ní Dioscorea alata nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1753. Èdè Látìn ni alata, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni abìyẹ́. Ìyẹ́ tí ó rí lára igun mẹ́rin ìtàkùn ni ó fi pè é bẹ́ẹ̀. Ìka ọwọ́ ìyá àgbà tí kò ka ìwé kankan mọ ìyẹ́ yẹn bí Linnaeus ṣe mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará ilé rẹ̀ náà ní àmì tiwọn. Iṣu funfun tí à ń fi gún iyán ni Dioscorea rotundata. Inú rẹ̀ ni a ti rí àwọn bí ẹ̀fúrù àti amúlà. Iṣu tí inú rẹ̀ pọ́n, tí àwọn kan ń pè ní ìgángán, tí àwọn mìíràn ń pè ní àlọ̀, ni Dioscorea cayenensis. Èsúrú ni Dioscorea dumetorum. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èsúrú lóko, ẹ wo ewé rẹ̀: mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń jáde lórí igi ewé kan. Ẹ tún wo bí ó ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Ọwọ́ òsì ni èsúrú ń lọ́ sí; ọwọ́ ọ̀tún ni ewùrà àti iṣu funfun ń lọ́ sí. Àwọn àgbà ní èsúrú ṣe àṣejù, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán. Òwe ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìpínsẹ́ẹ̀yà ewéko náà ni: ẹni tó pa á mọ̀ pé iṣu kì í ṣe ẹyọ kan, ó mọ èyí tó yẹ odó àti èyí tí kò yẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú rẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló kó ara wọn jọ di ara ewéko àti ẹranko gbogbo. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn okùn tín-tìn-tín kan wà tí wọ́n ń pè ní kúrómósóòmù. Lára okùn wọ̀nyí ni gbogbo ohun tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́ wà: bí ewé yóò ṣe rí, bóyá inú iṣu yóò funfun tàbí yóò pọ́n, bóyá yóò lè dojú kọ àrùn. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní okùn ìran. Okùn ìran ènìyàn jẹ́ 46. Ti àgbàdo jẹ́ 20, ti ẹ̀wà 22, ti ìrẹsì 24, ti ẹ̀gẹ́ 36.

Ti ewùrà ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ewùrà kan wà tí okùn ìran rẹ̀ jẹ́ 40, òmíràn wà tí tirẹ̀ jẹ́ 60, òmíràn sì wà tí tirẹ̀ jẹ́ 80. Gbogbo wọn ni ewùrà, gbogbo wọn ni ìyẹ́ wà lára ìtàkùn wọn, a sì lè rí wọn nínú oko kan ṣoṣo. Ẹ wá bá mi pe iye náà ní Yorùbá: ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìṣirò lẹ́nu àwọn àgbà mọ ohun tí ó wà nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Ogún méjì ni ogójì. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ ní ogún-ogún, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewùrà ń ka ìran rẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó fẹnu kò lórí ogún yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé mẹ́wàá ni ìpìlẹ̀ ìṣirò iṣu, pé ewùrà ogójì jẹ́ mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin. Ní ọdún 2009 ni àwọn tí ń ṣe ìwádìí ewùrà ní erékùṣù Guadeloupe, ní òkun Kàríbéánì, mú ẹ̀rí jáde. Wọ́n so akọ pọ̀ mọ́ abo, wọ́n gbin irúgbìn tó jáde, wọ́n sì tọpa ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ewùrà ogójì gba ogún lọ́wọ́ ìyá, ó gba ogún lọ́wọ́ bàbá. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe ti sọ ọ́ sílẹ̀: ogún tí à ń kà àti ogún tí à ń jẹ, ohùn kan náà ni a fi ń pe méjèèjì.

Báwo wá ni ọgọ́ta ṣe dé? Bí òbí bá fẹ́ bímọ, ó yẹ kí ó pín okùn ìran tirẹ̀ sí méjì, kí ó fún ọmọ ní ìdajì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òbí kan a kùnà láti pín. A gbé ogójì sílẹ̀ lódidi fún ọmọ. Bí ẹnì kejì bá mú ogún tirẹ̀ wá bó ti yẹ, ọmọ di ọlọ́gọ́ta. Bí àwọn méjèèjì bá kùnà láti pín, ọmọ di ọlọ́gọ́rin. Ọmọ tó bá gba ogún púpọ̀ báyìí sábà máa ń lágbára, iṣu rẹ̀ a sì máa tóbi. Ṣùgbọ́n ọlọ́gọ́ta ní ìṣòro kan: ogún mẹ́ta kò ṣe é pín fún ẹni méjì dọ́gba. Nítorí náà, ó ṣòro fún un láti so èso tó ní irúgbìn gidi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó wà lẹ́yìnkùlé yín wà ní ipò kan náà. Okùn ìran tirẹ̀ jẹ́ 33, mọ́kànlá lọ́nà mẹ́ta, ìdí sì nìyẹn tí ẹ kì í fi í rí kóró nínú rẹ̀. Ìgángán pẹ̀lú, ọgọ́ta ni. Iṣu funfun ní tirẹ̀ sábà máa ń dúró sórí ogójì.

Ẹ lè máa bi mí pé, ta ló rí okùn wọ̀nyí tí ó fi kà wọ́n? Àwọn onímọ̀ a gé ṣóńṣó gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, nítorí ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín kíákíá. Wọ́n a rẹ ẹ́ sínú oògùn tí yóò mú sẹ́ẹ̀lì dúró sójú kan, wọ́n a kùn ún ní aró, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lórí díńgí, wọ́n a wá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Okùn ìran iṣu kéré púpọ̀, kíkà rẹ̀ gba ojú àti sùúrù. Ọ̀nà kejì yá jùyẹn lọ: wọ́n a fi abẹ rẹ́ ewé tútù wẹ́wẹ́, wọ́n a pò ó mọ́ aró, ẹ̀rọ kan a sì fi iná wọn bí ohun ìran tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ewùrà. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ ìwé ìran ewùrà jáde, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó wà lára okùn ìran rẹ̀, láti okùn kìíní dé ogún.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yà mí lẹ́nu. Iṣu ní akọ, ó ní abo, orí ìtàkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ti ń tanná. Nínú ewùrà, okùn tó wá láti ọ̀dọ̀ akọ ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo, bí ó ti rí láàárín ènìyàn. Nínú iṣu funfun, ọ̀dọ̀ abo ni ìpinnu yẹn wà, bí ó ti rí láàárín adìyẹ. Agboolé kan, ebè tó fara kanra, òfin ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!

Ìrìn àjò wọn náà yàtọ̀ síra. Iṣu funfun ni ọmọ onílẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn tó yẹ ohun ìran rẹ̀ (DNA) wò kéde pé iṣu igbó kan tí ń hù nínú ẹgàn, Dioscorea praehensilis, ni àwọn baba ńlá wa mú wálé, ní agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn mìíràn sọ pé òbí méjì ló ní: ti ẹgàn yẹn àti ọ̀kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ ọ̀dàn. Èyí ó wù kó jẹ́, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ṣẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé Nàìjíríà nìkan ń wa bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta iṣu gbogbo ayé.

Ewùrà ní tirẹ̀, àlejò ni. Kò sí igbó kankan láyé tí wọ́n ti rí i kí ó dá hù fúnra rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn bá gbé e dé ló ń wà. Gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì ni orírun rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé láti ìhà ibẹ̀ ni ó ti dé Íńdíà, tí ó dé Áfíríkà, kí ó tó kọjá sí Kàríbéánì. Àwọn òpìtàn ohun ọ̀gbìn sọ pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ìlà-oòrùn Áfíríkà, àti pé àwọn Potogí ló mú un dé etí òkun ìhà tiwa ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìgbà yẹn náà ni Duarte Pacheco Pereira, ọ̀kan nínú àwọn Potogí tí ń tọ etí òkun wa, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí yàrà ńlá yí i ká. Lónìí, ewùrà aláwọ̀ àlùkò ni àwọn ará Philippines ń pè ní ube, tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ dídùn oríṣiríṣi. Àwa náà gbà á lálejò, a fún un ní ebè, ó sì di ọmọ ilé débi pé ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ oúnjẹ Ìjẹ̀bú, òun ni yóò kọ́kọ́ fẹnu bà.

Ilẹ̀ wa sì gbà á. Ilẹ̀ igbó tó rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè bá a lára mu. Àní bí ilẹ̀ bá ti ń rẹ̀, tí iṣu funfun ń ṣàárẹ̀, ewùrà a ṣì fara dà á, ewé rẹ̀ a bo ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí èpò rọ́nà. Ohun tí kò fẹ́ ni kí omi dúró sí i nídìí. Nítorí náà, ẹni tí ń dáko ní ìhà Àbígí àti Ìbíadé, níbi tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́ omi, ní láti wá orí ilẹ̀ gíga, kí ó sì kọ ebè rẹ̀ sókè dáadáa.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ẹ̀bu la fi ń gbin ewùrà. Ẹ̀bu tí ẹ gé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún yìí, ara ewùrà èṣí ni. Ti èṣí, ara ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹ máa kà á padà bẹ́ẹ̀, ẹ ó kan ìyá yín, ẹ ó kan ìyá ìyá yín, ẹ ó kan ẹni tó kọ́kọ́ kí ewùrà náà káàbọ̀ sórí ilẹ̀ yìí. Ara kan náà ni láti ìgbà náà. Àwọn tó gbìn ín ti kú, ara ewùrà náà ń hù lọ. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́gọ́ta tí kò lè so irúgbìn gidi, ọwọ́ ènìyàn nìkan ló ń gbé e láti ọdún kan dé èkejì. Ohun kan ṣoṣo ló sì tó láti fòpin sí i: kí àsìkò òjò kan kọjá tí ẹnikẹ́ni kò gé ẹ̀bu rẹ̀.

Ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ọjà ń béèrè irú kan ṣoṣo, àgbẹ̀ a sì pa èyí tó kù tì. Àrùn kan tún wà tí olú tí ojú lásán kò rí ń fà, tí wọ́n ń pè ní anthracnose. Ó máa ń to àmì dúdú sójú ewé, yóò sọ ìtàkùn di dúdú bí ẹni pé iná rà á, òjò tó bá ta sí ewé tó lárùn a sì gbé e dé ewé tó mọ́. Ewùrà ni àrùn yìí ń bá jà jù nínú agboolé iṣu. Bí gbogbo oko bá jẹ́ irú kan, ara kan náà ni gbogbo rẹ̀, àìlera kan náà ló sì ní. Ohun tó bá pa ebè kan lè pa gbogbo oko. Bí ẹ bá gbin irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn tó bá kú, òmíràn a dúró. Láti inú irú tó dúró ni àwọn onímọ̀ ti ń mú agbára jáde fún èyí tí wọn yóò tún bí.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkíní, ẹ̀yin ìyá àti bàbá àgbẹ̀, ẹ dá ebè díẹ̀ sí fún ewùrà tí ọjà kò béèrè. Ebè márùn-ún péré tó. Ẹ yan ẹ̀bu tó mọ́, ẹ má gé ẹ̀bu lára èyí tí ìtàkùn rẹ̀ dúdú. Èkejì, ẹ̀yin ọmọ wa ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, àti gbogbo olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ẹ mú ìwé àti bírò lọ bá àwọn ìyá àgbà. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ewùrà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bí ewé rẹ̀ ṣe rí, àwọ̀ inú rẹ̀, oko tí ó ti wá, ohun tí wọ́n ń fi í sè. Kí ẹ tó ka okùn ìran rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ló máa sọ fún yín pé irú ọ̀tọ̀ ni ẹ mú dání. IITA ní àkójọ iṣu tó ju 5,000 lọ ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ àgbẹ̀ ló ti wá.

Ẹ̀kẹta ni ó rọrùn jù. Bí ẹ bá ń lọ sóko ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ọmọ kan dání. Bí ẹ bá dé àárín ebè, ẹ ní kí ó pa ojú rẹ̀ dé. Ẹ fi ìtàkùn tó rí róbótó sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tó ní igun mẹ́rin sí i lọ́wọ́, kí ìka rẹ̀ rìn lára ìyẹ́ náà, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dárúkọ rẹ̀ fún yín.